Ìwé Tí A Rí Nínú Òkùnkùn

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ kí àwọn àgbà máa sọ bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú kan dé èkejì kí wọ́n tó rí ìwé kan ṣoṣo yá kà. Bóyá o tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí o gbọ́ ọ, nítorí pé lónìí, ẹni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ tí ó sì ra dátà díẹ̀ sínú rẹ̀ lè ṣí ìwé tí ó wà ní òkè òkun láìdìde lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan: bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìṣúra sílẹ̀ gbayawu, tí kò sì sí ẹni tí ó wọlé, àǹfààní wo ni ó wà nínú ṣíṣí tí a ṣí i? Kí a lè dáhùn ìbéèrè yìí, jẹ́ kí a yẹ ìtàn àwọn ọkùnrin méjì wò, tí wọ́n gbé ní ilẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan wá ìwé rí. Èkejì dán ìwé wò. Àwọn méjèèjì ṣe ayé lóore, àwọn méjèèjì sì kọsẹ̀ sí ibì kan náà. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù lọ.

Ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ bí ìwé ti rí ní ayé ìgbà náà. Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn ṣubú ní ọdún 476, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọwọ́ ni a fi ń kọ ìwé, lórí awọ ọmọ màlúù tàbí ti àgùntàn tí a ti fá, tí a sì ti nà títí ó fi gbẹ. Bí ìwé bá tóbi, odindi agbo ẹran ni awọ rẹ̀ lè bá a lọ. Inú ilé àwọn mọ́ńkì ni púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí wà, àwọn mọ́ńkì náà ni ó sì ń dà wọ́n kọ láti ìran dé ìran. A gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ọ̀pọ̀ ọgbọ́n àwọn ará ìgbàanì ni ì bá ti parun. Síbẹ̀, ìwé mìíràn wà ní kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí eruku bò ó, tí kòkòrò sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹrìnlá, ìfẹ́ ìmọ̀ àwọn ará Róòmù àti Gíríìkì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọjí ní Ítálì. Ní ọdún 1345, akéwì tí à ń pè ní Petrarch rí àwọn lẹ́tà tí Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ńlá ti Róòmù, kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú ilé ìkàwé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Verona. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń dọdẹ ìwé bí ọdẹ ti í dọdẹ ẹran. Èyí tí ó mọ̀ ọ́n dọdẹ jù lọ nínú wọn ni Poggio Bracciolini.

A bí Poggio ní ọdún 1380 ní ìlú kékeré kan ní ẹkùn Tuscany. Kì í ṣe ọmọ olówó. Nígbà tí ó dé ìlú Florence láti kẹ́kọ̀ọ́, ìwé tí ó ń bá àwọn ènìyàn dà kọ ni ó fi ń jẹun. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára àwọn tí ó mú irú lẹ́tà kan jáde, tí ó hàn ketekete, tí kò sì dí ojú. Lẹ́yìn tí Johannes Gutenberg ti fi ẹ̀rọ tẹ Bíbélì ní ìlú Mainz ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1455, tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé sì tàn dé Ítálì, irú lẹ́tà yìí ni àwọn atẹ̀wé bí Nicolas Jenson ní Venice wò kí wọ́n tó dá lẹ́tà tiwọn. Nítorí náà, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Poggio jìnnà sí ọ. Lẹ́tà tí ojú rẹ ń wò lórí ewé yìí, ìran èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ ni.

Ní ọdún 1414, àwọn olórí Ìjọ Kátólíìkì péjọ sí ìlú Constance láti parí ìjà àwọn mẹ́ta tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń pe ara rẹ̀ ní Póòpù. Akọ̀wé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Poggio. Ní ọdún 1415, ìpàdé náà yọ ọ̀gá rẹ̀ lóyè, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Rò ó wò: ó wà ní ìlú àjèjì, kò ní ọ̀gá mọ́, kò sì mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la yóò ti wá. Ẹlòmíràn ì bá káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa a máa wí pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Poggio dìde, ó lo àkókò àìríṣẹ́ṣe rẹ̀ láti máa wá ìwé kiri àwọn ilé mọ́ńkì tí ó wà nítòsí.

Ní ọdún 1416, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ti St Gall, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Switzerland lónìí. Ní ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ gíga kan níbẹ̀, nínú òkùnkùn àti ẹ̀gbin, wọ́n bá ìwé tí a dà jọ síbẹ̀. Nínú lẹ́tà tí Poggio fi ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ní irú ibẹ̀ kò yẹ ní ibi tí à bá ju ọ̀daràn tí a ti dá lẹ́bi ikú sí. Láàrin àwọn ìwé náà ni odindi iṣẹ́ Quintilian wà, olùkọ́ kan ní Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní. Ìpín 12 ni ìwé yìí ní. Bí a ti í tọ́ ọmọ láti kékeré títí yóò fi di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ó dá lé. Títí di ọjọ́ náà, kìkì ẹ̀dà tí ó ti já, tí ewé rẹ̀ kò pé, ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì mọ̀. Poggio jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ni Quintilian sọ nínú ìwé náà? Ohun kan wà tí yóò dùn mọ́ ọ: ó ní kò yẹ kí olùkọ́ máa na ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹnu mọ́ jù lọ ni pé kò sí ẹni tí ó lè di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tòótọ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ jẹ́ ènìyàn rere. Má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a óò padà sí i.

Lorenzo Valla ni orúkọ ọkùnrin kejì. Ìlú Róòmù ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1407. Ní ìgbà ayé rẹ̀, ìwé àṣẹ kan wà tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìwé náà sọ pé Olú-ọba Constantine, tí ó kú ní ọdún 337, ti fi Róòmù àti gbogbo ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn lé Póòpù Sylvester lọ́wọ́ láti máa ṣàkóso. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni a ti ń fi ìwé yìí jà fún agbára. Nicholas ti Cusa ti ṣe iyèméjì nípa rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n Valla ni ó tú u palẹ̀ ní ọdún 1440. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gan-an ni ó fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ó rí i pé a pe àwọn ìjòyè Róòmù ní satrap, orúkọ tí a fi ń pe àwọn gómìnà ilẹ̀ Páṣíà. Ó rí i pé a dárúkọ ìlú Constantinople bí ìlú tí ó ti ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí ìlú tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí a ní a kọ ọ́. Látìn inú rẹ̀ kì í sì í ṣe Látìn ayé Constantine. Bí ẹnì kan bá mú lẹ́tà wá fún ọ, tí ó ní bàbá ńlá òun ni ó kọ ọ́ kí mọ́tò tó dáyé, tí o sì ka ọ̀rọ̀ mọ́tò nínú rẹ̀, ṣé o kò ní mọ̀ pé irọ́ ni? Bẹ́ẹ̀ ni Valla ṣe. Lónìí, àwọn òpìtàn gbà pé ayédèrú ni ìwé náà, àti pé ọ̀rúndún kẹjọ ni a ṣe é. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Àmọ́ ṣá o, má ṣe rò pé mímọ́ ni gbogbo ìdí tí ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìránṣẹ́ Ọba Alfonso ni Valla nígbà náà, ọba yìí sì ń bá Póòpù jà lórí ìjọba Naples. Ó dùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ìwé náà jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó mú wá ṣeé yẹ̀ wò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi dúró títí di òní. Póòpù mìíràn, Nicholas Karùn-ún, tilẹ̀ gba Valla sí iṣẹ́ akọ̀wé ní Róòmù ní ọdún 1448.

Níbẹ̀ ni ìtàn òun àti Poggio ti bàjẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1452, Poggio rí àríwísí tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀, ó sì fura pé ọwọ́ Valla wà nínú rẹ̀. Ó gbé kálàmù, ó bú u. Valla náà gbé kálàmù, ó bú u padà. Wọn kò dúró lórí ọ̀rọ̀ Látìn mọ́: olè, ọ̀mùtí, oníṣekúṣe, kò sí orúkọ tí ẹnì kìíní kò pe ẹnì kejì. Poggio ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà náà. Rántí pé òun ni ó gbé ìwé Quintilian jáde nínú òkùnkùn. Valla sì fẹ́ràn Quintilian tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé e ga ju Cicero lọ. Ọkùnrin méjì tí wọ́n mọ ìwé náà ju gbogbo ayé lọ, ìwé tí ó sọ pé ìwà rere ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ dídára, àwọn ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídára ba ara wọn jẹ́. Ọ̀kan rí ìwé náà, èkejì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjèèjì gbàgbé láti jẹ́ kí ó yẹ àwọn wò.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ rẹ, ìwọ ọ̀dọ́. Ilé ìkàwé St Gall tí Poggio dé ṣì wà. Púpọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ni a ti ya àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ iṣẹ́ tí à ń pè ní e-codices, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ilé ìkàwé Póòpù ní Vatican, tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ tó nǹkan bí 80,000, ń gbé tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. O lè jókòó sí ilé bàbá rẹ, kí o sì rí ibi tí kálàmù mọ́ńkì kan ti yọ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bí o bá fi dátà rẹ wo kìkì ohun tí ń pa ni lẹ́rìn-ín, ẹjọ́ ta ni?

Má sì ṣe rò pé ilẹ̀kùn náà yóò máa ṣí títí láé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà ni kò sì ṣeé ṣe láti ṣí àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí ilé ìkàwé náà ti gbé síbẹ̀. Kọ ohun tí o bá kà sílẹ̀ nígbà tí o lè kà á.

Bákan náà, ibi tí ìwé tòótọ́ wà ni ayédèrú wà. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ẹnì kan bá fi àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ ìtàn ránṣẹ́ sí ọ, béèrè bí Valla ti béèrè: ta ni ó kọ ọ́, nígbà wo, ǹjẹ́ èdè inú rẹ̀ bá ìgbà náà mu, ta ni yóò sì jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Béèrè bẹ́ẹ̀ pàápàá nígbà tí ìròyìn náà bá dùn mọ́ ọ nínú.

Ní ìparí, bí o bá ti wá a rí, tí o sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹnì kan sì tako ọ́ níbi tí gbogbo ayé ti lè ka èsì rẹ, rántí àwọn àgbàlagbà méjì tí wọ́n bú ara wọn ní Róòmù. Ọjọ́ tí Poggio fi da Quintilian kọ kò já sí asán, nítorí à ń jàǹfààní rẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n èébú tí ó kọ pẹ̀lú ṣì wà, à ń kà á di òní. Ohun tí a bá kọ kì í tètè kú. Wá ìmọ̀, dán an wò, kí o sì jẹ́ kí ó tún ìwọ fúnra rẹ ṣe, kí ẹni tí yóò ka tìrẹ lọ́la má baà tijú nítorí rẹ.