Ogún Laura Ingalls Wilder àti Iṣẹ́ Àwọn tí Ó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àti pé àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ìtàn ṣojú rẹ̀ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó kú, iṣẹ́ wo ni ó kù fún àwọn tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ọ̀ràn Laura Ingalls Wilder, obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé fún àwọn ọmọdé, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì fẹ́ràn bí ìyá àgbà ara wọn.

Ọjọ́ 7 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1867 ni a bí i, nítòsí ìlú Pepin ní Wisconsin. Sáà náà ni àwọn òyìnbó ń ṣí lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láti tẹ̀dó. Charles Ingalls, baba rẹ̀, kò lè jókòó sójú kan. Ó kó aya àti ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà, wọ́n dé Kansas, wọ́n dé Minnesota àti Iowa, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sí De Smet ní ilẹ̀ Dakota. Eéṣú jẹ àlìkámà wọn run ní Minnesota. Ní ọdún 1879, Mary tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Laura fọ́jú. Ní ìgbà òtútù ọdún 1880 sí 1881, yìnyín dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ará ìlú. Laura fẹ́ Almanzo Wilder ní ọdún 1885. Ní ọdún 1894 wọ́n kó lọ sí Mansfield ní Missouri.

Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Pioneer Girl, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìtẹ̀wé tí ó gbà á. Rose, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́ di ìtàn ọmọdé. Ọmọ ọdún 65 ni Laura nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1932. Nígbà tí ó fi di ọdún 1943, wọ́n ti di mẹ́jọ. Ó kú ní ọdún 1957, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ó pé ẹni 90 ọdún.

Lọ́dún náà gan-an ni àwọn ará Mansfield dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ilé rẹ̀. Àwọn ará De Smet náà kò sì gbẹ́yìn. Ní Mansfield ni gòjé òyìnbó tí Charles máa ń ta fún àwọn ọmọ rẹ̀ lálẹ́ wà. Iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni èyí. Ṣùgbọ́n ogún ju ilé àti gòjé lọ.

Ilẹ̀ tí Charles kọ́ ilé sí ní Kansas, ti ẹ̀yà Osage ni. Ìjọba kò tíì ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tẹ̀dó. Síbẹ̀ nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1935, Laura kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn. Ní ọdún 1952, òǹkàwé kan fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Laura gbà pé òun ṣì í kọ, a sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìtẹ̀jáde ọdún 1953. Ọ̀rọ̀ líle mìíràn ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀bùn ẹ̀yẹ tí a ti ń fi orúkọ náà pè láti ọdún 1954.

Àwọn kan ní àbùkù ni èyí. Àwọn mìíràn ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, orúkọ ẹ̀bùn kọ́ ni kókó ọ̀ràn náà. Bí a bá yí ọ̀rọ̀ padà tí a kò sọ ìdí rẹ̀, ọmọ tí ó ń kàwé kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́. Ọ̀nà tí ó dára jù ni èyí tí ilé ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ onítàn South Dakota gbà ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n tẹ Pioneer Girl jáde. Pamela Smith Hill ni ó ṣe olóòtú rẹ̀, ó sì fi àlàyé kún un. Níbẹ̀ ni òǹkàwé ti rí ohun tí àwọn ìwé ọmọdé fò dá: ọdún tí wọ́n lò ní Iowa, àti Freddy, àbúrò Laura ọkùnrin, tí ó kú ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 1876. Ìwé tí a kọ̀ sílẹ̀ nígbà kan di ohun tí a ń wá kiri.

Ìmọ̀ yìí kò dín ìfẹ́ kù. Ẹni tí ó mọ̀ nípa ikú Freddy yóò tún gbọ́ ohùn gòjé náà lọ́nà mìíràn. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ka ìtàn ilé kékeré inú ọ̀dàn fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ẹni tí ó ni ọ̀dàn náà fún wọn pẹ̀lú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òtítọ́ ni kí a fi mọ ilé ìrántí, kí ó lè dúró de àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.