Wúnrẹ̀n Àpọ́nlé àti Àpólà-Atọ́kùn nínú Ìtàn Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Níbo Ni Ààlà Wọn Wà?

1. Ìfáárà

Nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí, "The boy came down from the tree", ènìyàn lè béèrè ohun tí "down" ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti orí igi bọ̀, ṣebí ilẹ̀ náà ni yóò bọ́ sí? Àwọn tí ń tún èdè ṣe ti fi irú ìbéèrè báyìí pe "down" àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àṣerégèé ọ̀rọ̀. Àwọn onígírámà ilé-ìwé ní tiwọn gbà á láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n pààlà: "down" jẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, "from the tree" sì jẹ́ àpólà-atọ́kùn.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn kò gbe èrò méjèèjì yìí. Wúnrẹ̀n àpọ́nlé, bí a ó ti máa pe "down", "up", "out", "back", "on" àti irú wọn, ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà tí ó wà láàárín rẹ̀ àti atọ́kùn kò fìgbà kan rí dúró lójú kan.

2. Iṣẹ́ tí wúnrẹ̀n ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

1. The boy came down from the tree.
2. She put the box down on the table.
3. They live down by the river.
4. They worked on into the night.

Nínú 1, wúnrẹ̀n sọ ọ̀nà tí ìrìn náà gbà, àpólà-atọ́kùn sì sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú 2, ibi tí ìrìn náà parí sí ni àpólà sọ. Nínú 3, kò sí ìrìn rárá. Ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí tí ó fi ń wo odò ni "down" fi hàn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, gbólóhùn náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní mọ̀ mọ́ pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ka ibẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nínú 4, àkókò ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí: "on" sọ pé iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró, "into the night" sì sọ ibi tí ó nà dé.

A ó ṣàkíyèsí ohun méjì sí i. Èkíní, wúnrẹ̀n ni ó máa ń ṣáájú àpólà-atọ́kùn. Èkejì, ọ̀rọ̀ "right" lè ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: "right down", "right on the table". Ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè gba ẹ̀yán kan náà báyìí, ó jọ pé ọmọ ilé kan ni wọ́n.

3. Láti ìparí ọ̀rọ̀ sí wúnrẹ̀n

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ títí di nǹkan bí ọdún 1100, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wúnrẹ̀n ń ṣe lónìí. "On þā burg" túmọ̀ sí "wọ inú ìlú olódi náà", ṣùgbọ́n "on þǣre byrig" túmọ̀ sí "nínú ìlú olódi náà". Atọ́kùn kan náà ni. Ìrísí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó sọ bóyá ìrìn wà tàbí kò sí. Àwọn wúnrẹ̀n bí "ūt" àti "ūp" ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe.

Nígbà tí àwọn ìparí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń parẹ́, "on" tàbí "in" nìkan kò lè ṣe ìyàtọ̀ náà mọ́. Àwọn tí ń sọ èdè náà ti ní ohun tí wọ́n lè lò. Láti ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi wúnrẹ̀n "in" síwájú àpólà tí "tō" bẹ̀rẹ̀; ní ìkẹyìn, méjèèjì so pọ̀ di "into". Báyìí náà ni "up" àti "on" ṣe di "upon". "Out of" ń bá ọ̀nà kan náà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ ọ́ pọ̀ títí di òní. Ohun tí a ń pè ní atọ́kùn kan ṣoṣo lónìí, wúnrẹ̀n àti atọ́kùn tí ó dúró ti ara wọn ni tẹ́lẹ̀.

Ní àkókò kan náà, ètò ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn ń yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wá ń ṣáájú àbọ̀, wúnrẹ̀n sì bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Èdè àwọn ará Skandinéfíà tí wọ́n ti tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà kò ṣàì ràn án lọ́wọ́, nítorí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú tiwọn. Nínú apá tí ó kẹ́yìn ìwé ìtàn ọdọọdún ti Peterborough, tí ó parí sí ọdún 1154, a ti rí "up" níbi tí kò ti tọ́ka sí òkè mọ́, bí kò ṣe sí pé nǹkan parí pátápátá.

4. Láti àpólà sí wúnrẹ̀n

Ìyípadà mìíràn tún wà tí ó dojú kọ apá kejì. Níbo ni "down" fúnra rẹ̀ ti wá? "Of dūne" ni, èyí tí ó túmọ̀ sí "kúrò lórí òkè". "Dūn" ni òkè. Ọ̀rọ̀ tí ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀ lónìí, òkè ni ó fi pamọ́ sínú. "Away" ti wá láti "on weg", "lójú ọ̀nà". "Back" ti wá láti "on bæc", "sẹ́yìn". Àpólà-atọ́kùn pátá ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, kí ìlò tó gé wọn kúrú.

A rí i báyìí pé àyípo ni. Àpólà-atọ́kùn a di wúnrẹ̀n. Wúnrẹ̀n a dúró ti atọ́kùn mìíràn. Méjèèjì a sì lè di atọ́kùn tuntun.

Láti orí ibi ni wọ́n ti kọjá sórí àkókò. "Back", tí ó jẹ́ ẹ̀yìn ara, ni ó wà nínú "back in 1914". "On" ni ó wà nínú "from that day on", "up" sì ni ó wà nínú "up to Friday". Àwa náà ń sọ pé "ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn", a sì ń sọ pé "láti ọjọ́ náà lọ". Ẹ̀yìn kan náà ni. Ṣùgbọ́n níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo wúnrẹ̀n "on", ọ̀rọ̀-ìṣe "lọ" ni Yorùbá lò.

5. Àwọn onígírámà

Lẹ́yìn tí àwọn Nọ́máǹdì ṣẹ́gun ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé wọlé tí ó ti gbé ọ̀nà ìrìn sínú ara rẹ̀: "enter", "ascend", "descend". Èdè náà wá ní "go in" àti "enter", "go up" àti "ascend". Ìkejì di ti ìwé, ìkíní di ti ẹnu. Síbẹ̀, agbára wúnrẹ̀n kò dín kù. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 pàápàá, a rí "ascend up".

Látìnì ni ọ̀pọ̀ onígírámà fi díwọ̀n. Ní ọdún 1672, John Dryden bá Ben Jonson wí nítorí atọ́kùn tí ó fi parí gbólóhùn. Nígbà tí ó tún ìwé tirẹ̀ ti ọdún 1668 tẹ̀ ní 1684, ó tún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tò. Samuel Johnson ṣe dáadáa jù ú lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1755, ó pe àkíyèsí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní wúnrẹ̀n lẹ́yìn, ó sì gbà pé ó ṣòro fún àjèjì.

Ní ọdún 1924, Otto Jespersen dábàá pé ìsọ̀rí kan ni wúnrẹ̀n àpọ́nlé àti atọ́kùn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣe lè gba àbọ̀ nígbà kan, kí ó má gbà á nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni "in" rí. Joseph Emonds gbé irú èrò yìí dìde ní 1976, Huddleston àti Pullum sì kọ gírámà ńlá wọn ti ọdún 2002 lé e lórí. Quirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ ní 1972 àti 1985. Wọ́n pa ìsọ̀rí méjèèjì mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tiwa, ìtàn tí a sọ lókè yìí gbe Jespersen.

6. Àgbálọgbábọ̀

Kí ni èyí kan àwa tí a ń kọ gírámà Yorùbá? Ó kàn wá gidigidi. Láti ìgbà ìwé Crowther ti ọdún 1843 àti ti Bowen ti ọdún 1858 ni a ti ń fi orúkọ ìsọ̀rí tí a bá nínú Látìnì àti Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀rọ̀ wa. A sì ń jiyàn bóyá "lókè", "sẹ́yìn" àti "lónìí" jẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tàbí àpólà-atọ́kùn, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ti parí ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀. Kò parí i. Àpótí tí kò gba ẹni tí ó ni ín, a kò gbọdọ̀ fi dandan ti ara wa sínú rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a wo iṣẹ́ tí wúnrẹ̀n kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú gbólóhùn àti ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀, kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.