Àwọn olórin ńlá mẹ́ta tí ilé-ìwé wọn wà ní Bàrígà lónìí

Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ olórin tó ti Ṣómólú àti Bàrígà jáde, kíá lẹnu á ti yá: Olamide, 9ice. Kò burú. Àmọ́ àwọn mẹ́ta kan wà tó yẹ kọ́mọ àdúgbò mọ̀, àwọn tó kọ orin Yorùbá sílẹ̀ fún dùùrù, píánò àti fayolín. CMS Grammar School ni gbogbo wọn lọ. Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ lọ́dún 1859, ọdún 1959 ló kó wá sí Bàrígà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde kó tó kó wá.

Ìṣòro kan ló wà nílẹ̀ fún wọn. Nígbà táwọn òyìnbó ìjọ mú orin ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ohùn orin. Orin á máa gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀. Igbá á di ìgbà, ọkọ á di ọkọ̀.

Thomas Ekundayo Phillips (1884–1969). Ọdún 1911 ló lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music, London. Láti 1914 títí di 1962, òun ló ń tẹ dùùrù tó sì ń darí akọrin ní Cathedral Church of Christ, Marina. Ó kọ orin ìjọ tí ohùn orin ti ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó tẹ ìwé Yoruba Music jáde lọ́dún 1953.

Fela Sowande (1905–1987). Ọmọ àlùfáà ni. Nínú ẹgbẹ́ akọrin Phillips ló dàgbà sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ dùùrù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá lọ sí London, orin ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀: ó ń ta jáàsì, ó tún ń tẹ dùùrù ní Kingsway Hall. Ọdún 1944 ló kọ African Suite. Ó kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà lọ́dún 1960. Ohio, ní Amẹ́ríkà, ló kú sí.

Akin Euba (1935–2020). Òun náà lọ Trinity, ní 1952. Ìlù dùndún ló wá lọ ṣèwádìí lé lórí, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, Gánà, lọ́dún 1974. Ó ń mú kí píánò máa dún bí ìlù. Òun ló kọ ópẹ́rà Chaka, ó sì kọ́ni ní yunifásítì Pittsburgh.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn olórin wa báyìí ni kò tíì kúrò nínú ìwé àfọwọ́kọ. Bí ìkán bá jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ Ṣómólú, níbi tí gbogbo Èkó ti ń wá tẹ̀wé, kò jìnnà sí ẹnu géètì ilé-ìwé náà rárá.