Kí Ni A Ó Fi Kó Yẹ̀pẹ̀? Ìtàn Ohun Ìkẹ́rù Àwọn Olùtọ́jú Ọgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń tún àyíká ilé ṣe, àwọn tí ń gbin koríko àti òdòdó, tí wọ́n sì ń tẹ́ òkúta sí ojú ọ̀nà àgbàlá. Ẹni tí ó bá ń wo iṣẹ́ yìí láti òkèèrè lè rò pé òdòdó nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹrù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí òdòdó kan tó hù, a ó ti kó yẹ̀pẹ̀ tí kò dára kúrò, a ó ti kó yẹ̀pẹ̀ dúdú wá, a ó ti kó iyanrìn, òkúta àti ìgbẹ́ ẹran. Nígbà tí a bá parí, a ó tún kó pàǹtí dànù.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní láti bi ara rẹ̀ pé: kí ni n ó fi máa kó ẹrù? Bí ó bá ṣi ìbéèrè yìí dáhùn, owó tí ó yẹ kí ó fi ra irúgbìn, kí ó sì fi san owó àwọn òṣìṣẹ́, yóò lọ sórí táyà àti epo. Bí ó bá sì ní òun kò ní ra nǹkan kan, ẹ̀yìn àti ọrùn ni yóò san gbèsè náà.

Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́. Àwọn ènìyàn ilẹ̀ púpọ̀ ti dáhùn rẹ̀ kí a tó bí wa, olúkúlùkù sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí. Ohun mẹ́rin ni wọ́n wò: irú ẹrù tí ó jẹ́, irú ọ̀nà tí ó wà, bí ibi tí ẹrù ń lọ ti jìnnà tó, àti agbára ẹni tàbí ẹranko tí yóò gbé e. Ẹ jẹ́ kí a yẹ díẹ̀ nínú ìdáhùn wọn wò.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà àti odi ńlá kan wà tí a ń pè ní Erédò Sùngbọ́. Yíyípo rẹ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, ó sì ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ní àwọn ibòmíràn, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ó tó nǹkan bíi 20 mítà. Kò sí ẹ̀rọ kankan nígbà náà. Agbára apá ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọgbọ́n kan níbẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí ó jáde láti inú yàrà ni wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó fi di odi. Wọn kò gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ihò tí wọ́n gbẹ́ wúlò, òkìtì tí ó jáde nínú rẹ̀ náà sì wúlò. Títí di òní, olùtọ́jú ọgbà tí ó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò bóyá yẹ̀pẹ̀ tí òun yóò gbẹ́ níhìn-ín lè kún kòtò tí ó wà lọ́hùn-ún, nítorí ẹrù tí a kò gbé jìnnà ni ẹrù tí kò náni lówó.

Àwọn mìíràn a máa bèèrè ìdí tí àwọn baba wa fi ń fi orí ru ẹrù nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti ń lo kẹ̀kẹ́ tí ẹranko ń fà. Ìdí náà kò fara sin. Nínú igbó ẹgàn, kòkòrò kan wà tí a ń pè ní tsetse. Bí ó bá jẹ ẹṣin tàbí màlúù, ó lè fi àrùn tí ń pa wọ́n sí wọn lára. Nítorí náà ni ẹṣin ṣe pọ̀ ní pápá ọ̀dàn ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí kò sì rọrùn láti sìn ín nínú igbó. Níbi tí kò bá sí ẹran tí yóò fa kẹ̀kẹ́, tí ọ̀nà sì jẹ́ ipa tóóró láàárín igi, orí àti òṣùká ni ó bá ibẹ̀ mu. Ní 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n wo àwọn obìnrin ilẹ̀ Kenya gbé ìròyìn jáde pé àwọn obìnrin tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn, láìlo agbára ju èyí tí wọn ì bá lò bí wọ́n bá ń rìn lọ́wọ́ òfo. Fún obìnrin tí ó wọn 60 kìlógíráàmù, èyí jẹ́ 12 kìlógíráàmù. Bí ẹrù bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kọjá lọ sí ilẹ̀ China, níbi tí ènìyàn kan ti kọ́ láti fi kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti tó nǹkan bíi 1,800 ọdún tí wọ́n ti ń lo bárò níbẹ̀. A rí àwòrán rẹ̀ nínú àwọn ibojì ìgbà náà. Nínú irú èyí tí ó gbajúmọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà ní àárín gan-an, ẹrù sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó gba ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ẹrù náà. Iṣẹ́ ẹni tí ń tì í ni kí ó mú un dúró kí ó má ṣubú, kí ó sì máa darí rẹ̀. Ipa tóóró kan sì tó o. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ méjì kò lè gbà, bárò gbà á.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bárò kò hàn títí di nǹkan bíi 1200 sí 1250, nígbà tí àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sínú ìwé àti sára gíláàsì fèrèsé ilé ìjọsìn. Tiwọn yàtọ̀. Iwájú ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sí, ọwọ́ wà lẹ́yìn, ẹrù wà láàárín. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lónìí. Bí ẹrù 100 kìlógíráàmù bá wà ní agbedeméjì kẹ̀kẹ́ àti ọwọ́, kẹ̀kẹ́ gba 50, apá ènìyàn gba 50. Ṣùgbọ́n bí a bá sún ẹrù náà síwájú sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, èyí tí apá yóò gbé yóò dínkù. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́n fi ń kó òkúta síwájú bárò, tí wọ́n sì ń fi ohun fífúyẹ́ sẹ́yìn. Bárò Yúróòpù kò gba ẹrù lọ́wọ́ ènìyàn tó ti China, ṣùgbọ́n ó kúrú, a lè fi ṣọ́bìrì kún un láìgbé ọwọ́ sókè púpọ̀, a sì lè dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tí ń kó yẹ̀pẹ̀ láti igun kan ọgbà dé igun kejì, èyí ni ó dára jù. Fún ẹni tí ń kó ìrẹsì láti ìlú dé ìlú, ti China ni.

Yẹ̀pẹ̀ ṣe é pín sí wẹ́wẹ́, igi tí ó ti dàgbà kò ṣe é pín. Kí ni a ó fi gbé e? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Lancelot Brown. Wọ́n bí i ní 1716, ó sì kú ní 1783. Ó tún àyíká ilé àwọn ọlọ́lá púpọ̀ ṣe, ó sì di ọ̀gá àwọn olùtọ́jú ọgbà ọba ní Hampton Court ní 1764. Irinṣẹ́ tí ó lò fún igi kò lọ́jú pọ̀: kẹ̀kẹ́ méjì àti ọ̀pá gígùn kan. Wọn á gbẹ́ ilẹ̀ yí gbòǹgbò igi ká, wọn á gbé ọ̀pá náà nàró, wọn á sì so ó mọ́ ara igi náà. Lẹ́yìn náà ni wọn á fa ọ̀pá náà wálẹ̀. Bí ọ̀pá ti ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò igi ń tú sókè, títí igi yóò fi dùbúlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin yóò sì fà á lọ. Ohun kan náà ni ó fi hú igi, tí ó sì fi gbé e. Àwọn ọlọ́lá tí wọn kò fẹ́ dúró kí igi dàgbà sanwó iṣẹ́ yìí tayọ̀tayọ̀.

Àpẹẹrẹ kan tún wà ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1858, àwòrán tí Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux yà ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje fún ọgbà ńlá tí a ń pè ní Central Park. Ilẹ̀ náà jẹ́ àpáta àti ẹrẹ̀, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò sì lè bọ́ igi púpọ̀. Yẹ̀pẹ̀ dúdú tí ó ju 14,000 mítà onígun mẹ́ta lọ ni wọ́n kó wá láti ilẹ̀ New Jersey, ní òdìkejì odò Hudson, nígbà tí kò tíì sí afárá tàbí ihò abẹ́ odò láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin kan ń fà bá gba ìlàjì mítà onígun mẹ́ta, yóò lọ, yóò sì bọ̀ nígbà 28,000 kí yẹ̀pẹ̀ náà tó tán. Ohun kan ṣoṣo kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe: ọkọ̀ ojú omi fún odò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún ojú ọ̀nà, ṣọ́bìrì àti bárò fún ibi tí ẹṣin kò lè dé. Wọ́n pín ọ̀nà sí ọ̀nà, wọ́n sì fi ohun tí ó yẹ sí ìkọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni táyà rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí dé. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe é fún kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìlú Belfast. Ó wá bọ́ sára mọ́tò, ó sì bọ́ sára bárò. Àǹfààní rẹ̀ fún ọgbà pọ̀: kẹ̀kẹ́ irin tóóró a máa gé ilẹ̀ rírọ̀ bí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n táyà fífẹ̀ a máa tẹ orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nílé wa, àwọn tí ń kan ọmọlanke fi táyà mọ́tò àti pákó ṣe ohun tí ó ń gbé ẹrù ọjà káàkiri títí di òní. Ọ̀nà tí ó tẹ́jú ni ọmọlanke fẹ́. Bí ẹ bá tì í wọ iyanrìn, ẹ ó rí i pé ó ti di ẹrù fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú gbogbo èyí bọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká ní ó gba iṣẹ́ àgbàlá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 10 mítà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4 mítà, tí yóò sì da yẹ̀pẹ̀ tí ó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà sí i. Mítà onígun mẹ́ta mẹ́rin ni yẹ̀pẹ̀ náà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn 1,300 kìlógíráàmù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,200. Bí òjò bá pa á, yóò jù bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fi páànù ru 25 kìlógíráàmù, yóò lọ nígbà 208. Bárò tí ó gba 70 lítà yóò lọ nígbà 58. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ṣe fún 1,000 kìlógíráàmù yóò lọ nígbà mẹ́fà. Bí onítọ̀hún bá sì fi ojúkòkòrò kún ọkọ̀ kékeré náà kí ó lè lọ nígbà mẹ́ta péré, ohun tí ó gbé ẹrù ọkọ̀ lórí yóò ṣẹ́, bíréèkì kò ní mú dáadáa, ẹ̀mí ènìyàn sì lè bá a lọ lójú ọ̀nà.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé àwọn ènìyàn ń wá ohun kan tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Irìn àjò méjì ni ẹrù yìí ń rìn: láti ibi tí a ti rà á dé ẹnu géètì, àti láti ẹnu géètì dé ibi tí a ó dà á sí. Fún ti àkọ́kọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pọ̀ lè háyà típà, kí ó sanwó ọjọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Fún ti èkejì, bárò méjì tí ó lágbára, tí táyà wọn fẹ̀, àti pákó díẹ̀ tí a ó tẹ́ sórí koríko kí ó má bàjẹ́, ni ohun tí ó yẹ kí ó rà. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ni kí a ní. Ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni kí a háyà. Ọjọ́ tí owó háyà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí a ó fi ra ọkọ̀ tí a ó sì fi tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ náà ni kí a tó rà á. Kí a tó sanwó náà, kí a wọn ìbú géètì àwọn oníbàárà wa. Ọkọ̀ tí kò lè wọ àgbàlá yóò da ẹrù rẹ̀ sí títì, bárò náà ni yóò sì wá kó o. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kékeré kan rèé fún yín. Bí bárò bá wà ní ilé-ìwé yín, ẹ ka iye páànù yẹ̀pẹ̀ tí yóò kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ síwájú, ẹ tì í. Ẹ kó o sẹ́yìn, ẹ tún tì í. Apá yín yóò sọ èyí tí ó rọrùn fún yín.