Kí téèpù ìgbéyàwó tó bàjẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, inú téèpù ni àwòrán ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè ṣì wà. Lọ́dún 2016 ni Funai ti ilẹ̀ Japan, tó gbẹ̀yìn nídìí ṣíṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo téèpù ń dín kù, téèpù fúnra rẹ̀ sì ń gbó.

Kí ènìyàn tó náwó, kó mọ irú téèpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè ka VHS àti Video8 ní tààrà. Àfi kí ẹ̀rọ mìíràn sọ àwòrán wọn di fáìlì. Bí ojú S-Video bá wà lára ẹ̀rọ méjèèjì, ibẹ̀ ni kí a ki wáyà bọ̀; àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti wáyà olórí yẹ́lò lọ.

MiniDV yàtọ̀. Kámẹ́rà bíi Sony PD150, tó jáde lọ́dún 2000, ti fi nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mọ̀ kọ àwòrán sílẹ̀. Wáyà FireWire àti kọ̀ǹpútà tó ní ojú rẹ̀ ti tó. Wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi GB 13. Ẹni tó ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jù ú nù.

PAL ni téèpù Nàìjíríà, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. NTSC ni ti Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 30. Bí a kò bá to ẹ̀rọ bá téèpù mu, àwòrán lè máa fò, àwọ̀ rẹ̀ sì lè pòórá.

Lẹ́yìn náà, kí a ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n má sì wà lójú kan náà. Ohùn bàbá tó ti dolóògbé kò ṣe é gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.