Katakata Tó Sùn Tó Tún Jí: Ẹ̀kọ́ Tí Ìtàn Kọ́ Ẹgbẹ́ Wa

Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ lójú, àmọ́ tí a kì í sábà bèèrè ibi tó ti wá. Katakata tó ń túlẹ̀ lóko ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa pinnu láti fi lára owó àjẹṣẹ́kù ra katakata ògbólógbòó kan, Massey Ferguson 135, tó ti dá dúró nínú igbó láti ọdún pípẹ́. Ewéko ti gùn ún, eku ti tẹ́ ìtẹ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn kan bi wá pé, "Ṣé orí yín pé? Ẹ fẹ́ fi owó ọjà ra òkú irin?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ o. Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa irin náà.

Láyé Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Àwọn ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ ìjọba kò sì lè gba gbogbo wọn. Ìjọba wá wo àpẹẹrẹ àwọn abúlé àgbẹ̀ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà ní Ísírẹ́lì, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ọ̀gbìn. Ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì. Ọ̀kan wà ní Ọ̀rìn-Èkìtì, kò jìnnà sí àwa ará Ìjerò. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀dọ́ rí i pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ọkọ́ àti àdá nìkan, pé ẹ̀rọ lè tú ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ láàárín wákàtí díẹ̀.

Àlá náà dára. Àmọ́ ìjọba ló ni ẹ̀rọ, ìjọba ló ń tún un ṣe, àgbẹ̀ kàn ń dúró kó dé ni. Bí ó bá bàjẹ́ lásìkò òjò àkọ́kọ́, àgbẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀. Nǹkan tí gbogbo èèyàn bá ní, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n fi í lé lọ́wọ́, ìyà ló ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ìjọba àpapọ̀ ṣe Operation Feed the Nation ní 1976, wọ́n sì tún ṣe Green Revolution ní 1980. Katakata wọlé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀: ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà, ti Ítálì wà, ti Austria náà wà, èyí tí ilé iṣẹ́ Steyr ń tò pọ̀ ní Bauchi. Ẹ̀yà ara ọ̀kan kì í bá èkejì mu. Lẹ́yìn náà ni ètò SAP dé ní 1986. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tó fi di 1987, ó ti tó náírà mẹ́rin. Ẹni tó ń ta ọjà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nọ́sù kékeré kan tàbí pọ́ǹpù epo kan á bàjẹ́, owó rẹ̀ kò ní sí, odidi katakata á sì dúró. Wọn á tú táyà rẹ̀, wọn á tú bátìrì, igbó á gba ìyókù. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn. Ogbó kọ́.

Kí ló wá dé tí tiwa fi ṣeé jí? Láti 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe 135. Ẹ́ńjìnì Perkins onísìlíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin márùndínláàádọ́ta. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n ta á káàkiri ayé, ilé iṣẹ́ ní Íńdíà àti Pakistan sì ń ṣe irú ẹ̀yà ara rẹ̀ títí di òní.

Bàbá mẹkáníìkì tí a pè kò jẹ́ kí a tètè ra bátìrì. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì ti gan." Ó tú nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó da epo díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí epo lè wọ inú ìpẹtà. Ìgbà yẹn ló tó fi spánà yí i díẹ̀díẹ̀. Ó yí! Ká ní a ti fi bátìrì ta á ní tipátipá ni, à bá ti ṣẹ́ nǹkan nínú rẹ̀.

Ó yọ ọ́lì wò. Ó ní bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnì nìyẹn. Tiwa dúdú, a dúpẹ́. Ó fọ tánkì, ó pààrọ̀ fítà àti ọ́lì, ó kó ìtẹ́ eku kúrò lára réédíétọ̀. Lẹ́yìn náà ló lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù epo, torí ẹ́ńjìnì dísù kì í lo plọ́ọ̀gì oníná. Bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà ni afẹ́fẹ́ náà fi ń gbóná tí epo fi ń gbiná. Bí afẹ́fẹ́ bá dí ojú páìpù, epo kò ní dé ibẹ̀. Ó tú ṣúkúrù, ó ń fi ọwọ́ pọ́ǹpù, epo ń hó jáde títí ìfóòfó fi tán. Ìgbà náà ló ní ká lọ ra bátìrì wá. Èéfín funfun kọ́kọ́ yọ, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Nígbà kẹta, ó dún! Bàbá ò bá wa pariwo. Ojú aago ọ́lì ló ń wò. Ó ní bí aago yẹn kò bá dìde kíá, ká pa á ni.

A tú ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ wa níbi tó tẹ́jú, torí kò sí ẹni tó máa gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú katakata. Irin ìtúlẹ̀ rẹ̀, tó rí róbótó bí abọ́, ń yí gba orí kùkùté kọjá. Ilẹ̀ tí a tú pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: katakata kò bá wa ro oko. Ọwọ́ wa obìnrin ni ríro ṣì wà, ọwọ́ náà kò sì tó. Koríko jẹ lára ẹ̀gẹ́ wa lọ́dún náà. Láti ìgbà yẹn, iye tí a bá lè ro ni a ń tú.

Àṣìṣe wa kejì le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá háyà katakata ló ń wà á, kò sì sí ẹni tó ń wo ọ́lì àti omi. Bẹ́líìtì fáànù já lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnì gbóná, díẹ̀ ló kù kó kú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe gan-an. Ní ìpàdé, ẹnu kò kọ́kọ́ kò, àmọ́ a fi òfin mẹ́rin lélẹ̀. Ẹnì kan ni a fi katakata lé lọ́wọ́. Ìwé wà fún wákàtí tó ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́lì. A ń yọ owó ọ́lì àti táyà kúrò lára owó háyà kí a tó pín kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó wọ ìró kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀.

Láti 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé ìṣirò tí gbogbo èèyàn lè wò wà lára ohun tó ń mú ẹgbẹ́ dúró. Bí a ṣe ń ṣe sí owó náà ni ká máa ṣe sí irin. Ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là tó wà ní bíi ₦460 bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986 tún padà wá nìyẹn, katakata tuntun sì ti kọjá agbára àpò ẹgbẹ́ bíi tiwa. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó bi wá léèrè òkú irin lọ́jọ́sí, ìdáhùn wa rèé: irin náà kò kú, olùtọ́jú ni kò ní.