Ìkórìíra Ẹni Tí A Kò Rí Rí

Bí a bá dárúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ojú ọ̀pọ̀ wa a máa le. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó bá a pàdé rí. Ó ti lé ní 150 ọdún tí ó ti kú. Níbo ni a ti rí ìkórìíra yìí?

Inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ni púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n. Nínú eré náà, Ẹfúnṣetán ṣòfin pé ẹrúbìnrin rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Ó pa Adétutù nítorí oyún. Nígbà tí Látòósà àti àwọn ìjòyè ṣẹ́gun rẹ̀, ó gbé májèlé jẹ. Ta ni yóò kà á tí inú kò ní bí?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ ní 1921, wò. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Àrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde ní 1874: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi ohun ìnáwó ogun ránṣẹ́ sí òun, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyà ẹrú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, ẹrú rẹ̀ méjì pa á lóru.

Ẹni tí a ń rí lójoojúmọ́, a ó rí ibi rẹ̀, a ó sì rí ire rẹ̀. Ẹni tí a kò rí, ìwọ̀nba tí onítàn bá bù fún wa ni a ó jẹ. Ó sì rọrùn láti di ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà kan ru ẹnìkan ṣoṣo. Gbogbo alágbára Ìbàdàn ayé ìgbà náà ni ó ń lo ẹrú. Látòósà tí à ń pàtẹ́wọ́ fún nínú eré náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkórìíra a máa wá ojú kan tí yóò bà lé.

N kò wí pé kí a sọ Ìyálóde di ẹni mímọ́: ẹni tí ó ní oko ńlá mẹ́ta, tí ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò dín ní 100, yóò ní ẹjọ́ láti rò. N kò sì bá òǹkọ̀wé wí, nítorí eré kì í ṣe ìwé ilé ẹjọ́. Àwa òǹkàwé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà mìíràn tí a bá gbọ́ orúkọ olóyè tàbí olóṣèlú kan tí inú wa sì ru, kí a kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó ròyìn rẹ̀ fún wa, kí ni kò sì sọ?